Rírí Nìkan Kò Tó: Ẹ̀kọ́ Lára Ẹranko Kékeré Kan Tí Ó Ti Run

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kùnrin àti lóbìnrin, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí ẹranko kan tí kò tóbi ju òkété lọ, tí ó ti gbé ilẹ̀ ayé yìí rí, tí kò sì sí mọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú yín béèrè pé, kí ni ti ẹranko aṣálẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè nínú ìwé ìròyìn tiwa? Èsì wa kò gùn. Ẹ̀dá Ọlọ́hun ni ẹranko náà, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ìparun rẹ̀ sì ti wá. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tí ó ti run ni pé àwọn onímọ̀ kò ṣàìmọ̀ pé ó wà. Wọ́n rí i lójú, wọ́n kọ nípa rẹ̀, wọ́n ya àwòrán rẹ̀, síbẹ̀ kò pé ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà tí ó fi pòórá.

IRÚ Ẹ̀DÁ TÍ Ó JẸ́

Ilẹ̀ Ọsirélíà ni ẹranko yìí gbé, ní apá ìlà-oòrùn adágún oníyọ̀ ńlá tí àwọn òyìnbó sọ ní Lake Eyre, èyí tí ìjọba ibẹ̀ ti fi orúkọ àbáláyé rẹ̀, Kati Thanda, ṣáájú orúkọ náà láti ọdún 2012. Ilẹ̀ gbígbẹ ni agbègbè ọ̀hún. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ó tẹ́ lọ rẹrẹ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, igi kò pọ̀ níbẹ̀, ewéko kúkúrú ni ó ń hù káàkiri, òjò sì lè dá fún ọdún mélòó kan kí ó tó tún rọ̀.

Ìran ẹranko alápò ni. Àwọn ẹranko ìran yìí kì í bí ọmọ tí ó ti gbó bí ti ewúrẹ́. Ọmọ wọn a máa kéré jọjọ nígbà tí ó bá wáyé. Yóò wọ́ lọ sínú àpò tí ó wà ní ikùn ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa mu ọmú títí yóò fi tó ẹni tí í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Kaǹgarú ni ó lókìkí jù nínú wọn. Mọ̀lẹ́bí kaǹgarú ni ẹranko tí à ń wí yìí, ṣùgbọ́n kékeré ni. Ìwúwo rẹ̀ ju ààbọ̀ kìlógíráàmù lọ díẹ̀, èyí tí ó tóbi jù nínú wọn kò sì ju kìlógíráàmù kan àti díẹ̀ lọ. Gígùn rẹ̀ láti imú dé ìdí kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 28 lọ, ìrù rẹ̀ sì gùn ju ara rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kéré, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ti ẹ̀yìn gùn, ó sì lágbára. Àwọ̀ irun rẹ̀ jọ ti amọ̀ tí ó ń gbé lórí rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi tètè dá a mọ̀ bí ó bá lúgọ. Àwọn onímọ̀ sọ ọ́ ní Caloprymnus campestris. Àwọn onílẹ̀ ń pè é ní ngudlukanta, èyí tí àwọn òyìnbó kọ sílẹ̀ bí oolacunta.

Àwọn ẹ̀dá kéékèèké mìíràn ní aṣálẹ̀ a máa gbẹ́ ihò jíjìn láti sá fún oòrùn. Ngudlukanta kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kòtò tí kò jìn ni ó ń wà sí abẹ́ igbó kékeré, a tẹ́ koríko sínú rẹ̀, a sì fi ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bo orí rẹ̀. Inú ìtẹ́ yìí ni yóò wà ní gbogbo ọ̀sán, a sì máa yọ orí síta láti òkè ìtẹ́ kí ó lè ṣọ́ ohun tí ń bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni yóò jáde lọ jẹ ewé. Kì í wá odò kiri, nítorí pé ó lè gbé ní ibi tí omi mímu kò sí. Bí ó bá ń fò lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ọ̀tún a máa ṣíwájú ti òsì díẹ̀, èyí tí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀.

BÍ Ó ṢE SỌNÙ LỌ́WỌ́ ÀWỌN ONÍMỌ̀

Ní ọdún 1843 ni John Gould, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ ẹyẹ àti ẹranko, kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀dá yìí ní Lọ́ńdọ̀nù. Òkú rẹ̀ ni ó rí. George Grey, tí ó jẹ́ gómìnà Gúúsù Ọsirélíà nígbà náà, ni ó fi ránṣẹ́. Gould ṣàlàyé bí ó ti rí, ó fún un ní orúkọ, a sì kó awọ àti agbárí rẹ̀ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti ìgbà náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90 ọdún tí ìròyìn tuntun kan tí ó ní láárí kò fi dé etí àwọn onímọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, kí a bi ara wa léèrè: lọ́wọ́ ta ni ẹranko náà ti sọnù? Kò sọnù lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ ìtẹ́ rẹ̀, wọ́n sì mọ bí a ṣe í yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé òórùn ènìyàn dé imú rẹ̀, tí a ó fi ọwọ́ lásán bo ìtẹ́ mọ́ ọn lórí. Ní gbogbo ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń sọ pé kò sí, àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu bàbá wọn. Àlejò a máa ní ojú, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Àìsí nínú ìwé kò túmọ̀ sí àìsí lórí ilẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú igbó kan, àwọn tí wọ́n ń gbé inú igbó náà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi.

BÍ WỌ́N ṢE TÚN RÍ I

Ọ̀dá tí ó ti pẹ́ ní agbègbè náà dáwọ́ dúró, òjò rọ̀, ewéko hù, àwọn ẹranko kéékèèké sì bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ sí i. Ní ọdún 1931, ọlọ́sìn ẹran kan tí ń jẹ́ Reese rí ẹranko tí kò wọ́pọ̀ lójú rẹ̀, ó sì fi awọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú Adelaide. Ọwọ́ Hedley Herbert Finlayson ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí. Iṣẹ́ kẹ́mísìrì ni Finlayson ń ṣe ní Yunifásítì Adelaide, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ó ní sí ẹranko pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń bá ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ ṣe ìtọ́jú àkójọ ẹranko wọn. Nígbà tí ó rí awọ náà, kò jókòó sí ilé láti máa méfò. Ó dìde, ó lọ. Àwọn baba wa ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Finlayson rìn jìnnà, ó sì rí ohun tí ojú ọ̀mọ̀wé kankan kò rí láàyè rí.

Ó gun ẹṣin pẹ̀lú àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n mọ ilẹ̀ náà. Ohun tí ó yà á lẹ́nu jù ni agbára ẹ̀dá kékeré yìí. Wọ́n lé ọ̀kan nínú wọn, wọ́n rò pé kò ní pẹ́ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Máìlì 12, èyí tí ó súnmọ́ kìlómítà 20, ni ó fi sáré níwájú wọn nínú oòrùn, lórí òkúta àti iyanrìn, tí àwọn ẹṣin fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ fojú inú wò ó: ohun tí kò wúwo tó adìẹ kan ni ó ń mú ẹṣin mí hẹlẹhẹlẹ. Ohun tí àwọn baba wa ń wí nípa abẹ́rẹ́ àti adìẹ nìyẹn.

Finlayson kọ gbogbo ohun tí ó rí sílẹ̀: ìtẹ́ rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, ìrìn rẹ̀, ọmọ inú àpò rẹ̀. Ìwọ̀nba tí ayé mọ̀ nípa ìgbésí ayé ngudlukanta, inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti ẹnu àwọn onílẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wá. Bí kò bá lọ ní ọdún náà, orúkọ àti awọ díẹ̀ ni ìbá ṣẹ́ kù.

BÍ Ó ṢE RUN

Ọdún 1935 ni ìwé Finlayson tí ó pè ní The Red Centre jáde. Ọdún 1935 náà ni ìgbà ìkẹyìn tí a ní ẹ̀rí tí ó dájú pé ẹnìkan rí ngudlukanta láàyè. Láti ìgbà náà, àwọn kan ti sọ nígbà mélòó kan pé àwọn rí ohun tí ó jọ ọ́ nínú aṣálẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti tún padà lọ wá a, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó fìdí múlẹ̀ kò tíì jáde. Ní ọdún 1994, àjọ àgbáyé IUCN kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó ti run tán.

Kí ni ó pa á? Àwọn kan lè sọ pé ọ̀dá ni. Èrò yìí kò dúró dáadáa. Ẹ̀dá tí ó ti la ọ̀dá àìmọye ọdún kọjá, tí ó lè gbé láìmu omi, kì í ṣe ọ̀dá kan ṣoṣo ni yóò pa á run. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ní ilẹ̀ náà ni ó yẹ kí a wò. Ológbò ti bá àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Ọsirélíà ní ọdún 1788 wọlé, ó sì ti di ẹran igbó. Ní ọdún 1859, ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Thomas Austin mú ehoro mẹ́rìnlélógún wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dá wọn sí oko rẹ̀ kí òun àti àwọn àlejò òun lè máa rí ohun yìnbọn sí. Ehoro wọ̀nyí bí sí i, wọ́n sì bo ilẹ̀ náà, wọ́n ń jẹ ewéko tí àwọn ẹ̀dá ilẹ̀ ibẹ̀ ń jẹ. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún yìí kan náà ni wọ́n kó kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wọlé, nítorí pé àwọn ènìyàn pàtàkì ń fẹ́ fi ẹṣin àti ajá lé e bí wọ́n ti ń ṣe ní ìlú wọn. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tẹ̀lé ehoro wọ inú aṣálẹ̀. Ìgbà tí ó dé agbègbè Lake Eyre, tí ó sì ń pọ̀ sí i níbẹ̀, ni ngudlukanta bẹ̀rẹ̀ sí dínkù. Ẹ̀dá tí ó sùn sínú kòtò tí kò jìn, tí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ nìkan bò, kí ni yóò fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹran tí imú rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀? Eré tí ó fi ṣẹ́gun ẹṣin kò wúlò fún ẹni tí ọ̀tá bá lójú oorun.

Èrò tiwa ni pé ohun tí ó yẹ kí ó dùn wá jù nínú ìtàn yìí nìyí. Ogun kọ́ ni ó mú ehoro àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dé ibẹ̀, ìyàn kọ́, dandan kan kò sì sí níbẹ̀. Eré ìdárayá ni. Àwọn tí wọ́n kó wọn wọlé kò gbèrò láti pa ẹ̀dá kankan run. Wọn kò béèrè ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ìyẹn nìkan sì tó láti ba ilẹ̀ jẹ́. Ó ju 30 irú ẹranko tí í fún ọmọ ní ọmú lọ tí ó ti run ní Ọsirélíà láti ọdún 1788, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ láàárín àkókò náà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.

ẸNI ŃLÁ NÌKAN KỌ́ NI ÒKÚ RẸ̀ TÓ SUN

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 1936, ẹranko alápò mìíràn kú sínú ọgbà ẹranko ní ìlú Hobart. Ẹran apẹran ńlá tí ó jọ ajá, tí ó ní ìlà lẹ́yìn bí ti ẹkùn, ni; òun ni ó kẹ́yìn nínú ìran rẹ̀ tí ènìyàn sìn. Gbogbo ayé mọ̀ nípa rẹ̀. Fíìmù rẹ̀ wà, àwòrán rẹ̀ wà lára àmì ìjọba, láti ọdún 1996 sì ni wọ́n ti ń fi ọjọ́ ikú rẹ̀ ṣe ìrántí àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ní Ọsirélíà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ngudlukanta, tí a rí gbẹ̀yìn ní ọdún kan ṣáájú, ta ni ó mọ ọjọ́ tirẹ̀? Ẹni ńlá a máa ní oníróyìn, ẹni kékeré a máa lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Ọ̀nà tí ọmọ ènìyàn ń gbà wo ẹranko ni ó ń gbà wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: bí a bá kọ́ ojú wa láti máa fo ohun kékeré, kò ní pẹ́ kí a tó máa fo mẹ̀kúnnù àti aláìlólùgbèjà.

OHUN TÍ Ó ṢEÉ ṢE

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò sí ohun tí a lè ṣe. Nínú àwọn ẹ̀dá tí John Gould fún ní orúkọ ni mọ̀lẹ́bí kékeré kan wà tí a fi orúkọ John Gilbert, ẹni tí ń bá a kó ẹranko jọ, sọ. Ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà ni ilé rẹ̀. Òun náà sọnù fún ohun tí ó ju 100 ọdún lọ, tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó ti run. Ní ọdún 1994, ọdún náà gan-an tí a kọ orúkọ ngudlukanta mọ́ àwọn òkú, ni a tún rí i láàyè ní etíkun Two Peoples Bay. Díẹ̀ ni ó ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ní ìgbà yìí àwọn tí ó rí i kò kàn kọ̀wé kí wọ́n sì lọ sùn. Wọ́n ṣọ́ ibùgbé rẹ̀, wọ́n sì ronú pé gbogbo ẹyin kò yẹ kí ó wà nínú agbọ̀n kan. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí erékùṣù Bald Island, níbi tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ológbò kò sí. Ní ọdún 2015 iná ńlá jó apá tí ó pọ̀ jù nínú ibùgbé wọn ní Two Peoples Bay. Bí kì í bá ṣe àwọn tí ó wà ní erékùṣù, ìbá ti di ìtàn.

Ní Gúúsù Ọsirélíà bákan náà, nítòsí ìlú Roxby Downs, iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Arid Recovery bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997. Wọ́n fi wáyà ṣe ọgbà yí ilẹ̀ tí ó tó 123 kìlómítà níbùú lóròó ká, wọ́n lé ehoro, ológbò àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kúrò ní apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì dá àwọn ẹranko alápò kéékèèké padà síbẹ̀. Wọ́n ń bí sí i níbẹ̀. Aṣálẹ̀ ni ibẹ̀ náà, oòrùn kan náà ni ó ń ràn, ọ̀dá kan náà ni ó ń dá. Èyí fi hàn gbangba pé ẹ̀bi kì í ṣe ti ojú ọjọ́ nìkan.

Ẹ̀dá méjì, ọ̀mọ̀wé kan náà ni ó sọ wọ́n lórúkọ, àwọn méjèèjì sọnù, a sì tún rí àwọn méjèèjì. Ọ̀kan wà láàyè títí di òní, èkejì ti lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni ohun tí àwọn ènìyàn ṣe ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí wọ́n rí wọn.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ ṢE

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ebi ń pa ọmọ ènìyàn, a ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹranko. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn jà. Ehoro tí ó jẹ ewéko ngudlukanta tán ni ó jẹ pápá àgùntàn àwọn àgbẹ̀ tán pẹ̀lú, tí ó sì sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di onígbèsè. Ẹni tí ó bá ilẹ̀ jẹ́ mọ́ ẹranko lórí, ó ń bà á jẹ́ mọ́ ara rẹ̀ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun mẹ́ta ni a ń fi lọ̀ yín. Èkíní, ẹ máa bi àwọn tí ó mọ̀. Ẹni tí ó bá ní bàbá tàbí ìyá àgbà tí ó mọ orúkọ ẹyẹ, ewé àti ẹranko ìlú rẹ̀, kí ó jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti kálàmù. Orúkọ tí a kò bá kọ sílẹ̀, ẹnu tí ń pè é ni yóò bá lọ sí sàréè. Èkejì, kí ẹ tó mú ohun titun wọ àárín ilé tàbí ìlú, ìbáà jẹ́ ẹran ọ̀sìn, ìbáà jẹ́ òògùn oko, ìbáà jẹ́ àṣà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí yóò yọrí sí. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, nígbà tí ìmọ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ má ṣe fi mọ sí orí ìwé. Finlayson ṣe ipa tirẹ̀, ó rìn, ó rí, ó kọ. Àwọn tí ó ka ohun tí ó kọ, tí agbára sì wà lọ́wọ́ wọn, ni wọn kò ṣe tiwọn.

Ìmọ̀ tí kò bá dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀, àwòrán òkú ni. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí a wà lára àwọn tí ó rí, tí wọ́n mọ̀, tí wọ́n sì káwọ́ gbera títí tí ohun tí a fi sí ìkáwọ́ wọn fi bọ́ sọnù.